Ilẹ̀ Tó Ń Rìn àti Ilẹ̀ Tampouy

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ológun gbàjọba ní Wagadugu, tí gbogbo ẹnu ń pariwo ìyípadà, ìgbìmọ̀ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilẹ̀ fún ará ìlú ní Tampouy, létí ìlú. Ìyá mi fẹ́ gba tirẹ̀ lójú méjèèjì. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, inú ilé onílé ló sì ti ń gbé látọjọ́ tó ti dáyé. Ṣùgbọ́n bàbá mi, tó ti Ọ̀yọ́ wá ta aṣọ ní Zangouettin, àdúgbò tí a háyà yàrá sí láàárín ìlú, ní ẹni tó bá kọ́lé sí àjò kó tó parí ti ilé, ó ti sọnù nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn ará wa ṣe ń sọ, wọ́n sì ń darúgbó sínú yàrá àyágbé.

Ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà gbóná jù ni olùkọ́ wa kọ́ wa nípa tsunámi, ìgbì òkun ńlá tó ń ya bo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó rí òkun rí nínú wa. Ó ní èèpo ayé pín sí awẹ́ awẹ́ bí obì, awẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń rìn díẹ̀díẹ̀, bí èékánná ṣe ń hù. Níbi tí ọ̀kan bá ti ń wọ abẹ́ èkejì nísàlẹ̀ òkun, wọ́n lè há mọ́ra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Etí èyí tó wà lókè á máa tẹ̀, títí yóò fi já gbà, tí yóò ta sókè, tí yóò sì gbé gbogbo omi orí rẹ̀ dìde. Láàárín agbami, ọkọ̀ lè gba orí ìgbì náà kọjá kó má mọ̀. Ìgbà tó bá dé ibi tí omi kò jìn ló ń ga. Nígbà mìíràn òkun á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, àwọn èèyàn á sáré lọ ṣa ẹja, omi á sì padà wá bá wọn níbẹ̀.

Inú mi dùn débi pé mo ròyìn rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Bàbá mi dáwọ́ dúró.

"Ilẹ̀ ń rìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó kọjú sí ìyá mi. "Ìyá wọn, ṣé o gbọ́? Ilẹ̀ tó ń rìn lo ní kí n lọ kọ́lé sí! Ọdún yìí tí ìjọba ní kẹ́nikẹ́ni má sanwó ilé, kí ni mo ń wá? Àjò ò lè dùn kí onílé má relé."

"Bàbá, awẹ́ kan náà ló gbé ibí àti Ọ̀yọ́," ni mo wí. "D'accord, ó ń rìn, àmọ́ a jọ ń lọ ni. Etí awẹ́ ni wàhálà pọ̀ sí, àwa sì jìnnà sí etí."

"Ìyẹn ni pé ibí àti Ọ̀yọ́ dọ́gba?"

"Tó bá jẹ́ ti ilẹ̀, wọ́n dọ́gba."

Ó fọ́ mi létí.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá wọn," ni ìyá mi wí, "ibí ni ilé tèmi."

"Ilé ọkọ rẹ ni ilé rẹ."

Lọ́jọ́ kejì ó sọ ọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi wá rẹ́rìn-ín títí. Ìgbìmọ̀ dúró dè wá, ó sú wọn, wọ́n fi ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wa fún ọmọ Mọ̀sí onílùú kan ládùúgbò wa tó ń tún moto ṣe.

Bàbá mi parí ilé Ọ̀yọ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ kún ibẹ̀, nígbà tó sì kú, wọ́n ní àwọn ò mọ ọmọ àjò kankan. Lẹ́yìn náà ni katapílà ìjọba wó Zangouettin, kí wọ́n lè tún àárín ìlú kọ́. Onílé gba owó gbà-má-bínú, a ò rí nǹkan kan. Ìyá mi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Tampouy, ó gba yàrá kan lọ́wọ́ Mọ̀sí yẹn, lórí ilẹ̀ tí ì bá jẹ́ tirẹ̀. Láràárọ̀ ló ń gbá àgbàlá náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ló kú sí.

Wọ́n ní a kì í bínú sí òkú. Èmi ń bínú sí bàbá mi.