Binda Mandal àti Ìkánjú Wọn

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Bhadau, ọdún 2076, bí àwọn ará Siraha ṣe ń ka ọdún. Lóṣù tó ṣáájú, obìnrin mẹ́rìndínlógún ló bímọ ní ilé ìlera abúlé kan ní Siraha. Mọ́kànlá nínú wọn ni ojú ara wọn ya, tí wọ́n sì rán an.

Binda Mandal ló rán gbogbo wọn, nítorí òun nìkan ni agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀. Kò tíì lọ́kọ, kò sì lè jókòó pẹ́ níbì kan. Bí kò bá sí aláboyún, a nu bẹ́ẹ̀dì tó ti nù tẹ́lẹ̀, a jáde lọ wo ojú ọ̀nà, a tún wọlé. Ó mọ ohun tó ń fa àwọn obìnrin náà ya. Ìkánjú ni. Kí wọ́n tó gbé aláboyún dé, olóògùn ẹ̀bá ọ̀nà ti gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń lé ọmọ jáde. Bó bá dé tán, ìyá ọkọ rẹ̀ a dì mọ́ ikùn rẹ̀, a máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, gbogbo ilé a máa pariwo pé kó ti ọmọ, kó ti ọmọ. Orí ọmọ a já jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ara ìyá a sì fà ya.

Bí Phulo, ìyàwó ilé kan lábúlé náà, ṣe bí àkọ́bí rẹ̀ nílé nìyẹn. Oṣù márùn-ún ni kò fi lè jókòó dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án yìí, ó tún ń rọbí, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé e dé nínú òjò. Ó di ọwọ́ Binda mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí n ya mọ́. Mi ò lè fara dà á lẹ́ẹ̀kejì."

Sunaina, ìyá ọkọ rẹ̀, tú etí aṣọ sààrì tó wé mọ́ra, ó mú ìgò abẹ́rẹ́ kékeré kan jáde.

"Nọ́ọ̀sì, gún un ní èyí. Ẹfọ̀n tí à ń sìn ò tíì jẹun nílé."

"Ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un, Màmá. Ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ."

"Ìwọ tí o ò bí eku rí, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ọmọ bíbí? Mẹ́fà ni mo bí."

"Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èwo lẹ bí tí ẹ sì rìn dáadáa lẹ́yìn rẹ̀?"

Sunaina yí ojú sí ikùn Phulo. Ó so ìgò náà padà, ó ká sààrì mọ́ ìbàdí, ó sì ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Binda mọ ibi tí ọwọ́ yẹn ń lọ. Bí òun bá lé e jáde, Sunaina á kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ wọlé wá jà. Ọkàn Binda ò balẹ̀ rárá. Ó yí Phulo sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà lókè, ó sì gbé e lé Sunaina lọ́wọ́.

"Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi gbé e. Bí ó bá bọ́, ẹ̀yin lẹ ṣe é."

"Ẹsẹ̀ yìí wúwo ju ẹfọ̀n lọ."

"Ẹ ṣáà gbé e bẹ́ẹ̀, Màmá."

Báyìí ni ọwọ́ tó fẹ́ tẹ ikùn ṣe rí iṣẹ́ míì. Binda ki aṣọ mímọ́ bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fún omi inú rẹ̀ jáde, ó gbé e lé ojú ara Phulo, ó sì ń pààrọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń tutù. Nígbà tí orí ọmọ yọ, ó fi ọwọ́ kan dá orí náà dúró kó má baà sáré, ó fi èkejì ti awọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn.

"Má tì í mọ́. Máa mí hẹ́ẹ̀-hẹ́ẹ̀ bí ajá tó sáré."

"Ó ń jó mi, ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀. Má tì í."

"Kó tì í jàre," ni Sunaina wí. "Apá ti ń ro mí."

Òógùn bo ojú Binda. Gbogbo ara rẹ̀ ń sáré, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kò sáré. Iwájú orí jáde díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà imú, lẹ́yìn náà àgbọ̀n, kí èjìká tó tẹ̀lé e. Ọmọbìnrin ni. Binda tan tọ́ọ̀ṣì, ó yẹ Phulo wò fínnífínní. Awọ rẹ̀ bó díẹ̀ níbì kan, kò sì nílò òwú.

"Ṣé mo ya?"

"O ò ya."

"Ẹ tún wò ó."

Binda tún wò ó.

Níta, Sunaina ń ròyìn fún àwọn ará ilé. "Nọ́ọ̀sì yẹn ò ṣe nǹkan kan. Ó kàn gbé ọwọ́ síbẹ̀, ó ń wò. Èmi ni mo gbé ẹsẹ̀." Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìgbìmọ̀ abúlé pe Binda, wọ́n bi í pé kí ló dé tí ìbímọ fi ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò bi Phulo ní nǹkan kan.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, lọ́jọ́ kan, obìnrin kan nínú ilé rẹ máa bímọ. Má ra abẹ́rẹ́ fún un. Gbé ọwọ́ rẹ kúrò lórí ikùn rẹ̀. Pa ẹnu rẹ mọ́.