Ìkúnlẹ̀ Akpọ

Àsìkò ọyẹ́ ni, nígbà tí odò Ọya ti fà tí yanrìn ti yọ láàárín omi, ni àwọn aláṣẹ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wa nígbà náà kéde fún àwa olùkọ́ ní Lọ́kọ́ja pé kí ẹnikẹ́ni tí kì í bá ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ yìí palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Títí di òní, bí mo bá jókòó síwájú ilé mi tí mo rí i tí ọyẹ́ bo orí òkè Patti, ọ̀rọ̀ náà máa ń padà sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ olùkọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ rò pé láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti ń gba gbogbo ènìyàn mọ́ra níbí, irọ́ ni. Kí n sì tètè là á mọ́lẹ̀ kó má di pé ẹ ń wá nǹkan mìíràn nínú ìtàn mi: owú ló wà níbẹ̀. Mo jowú ọkùnrin kan, mo jowú àwọn ènìyàn rẹ̀, mi ò sì tíì jáwọ́.

Akpọ ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Urhobo ni, ìdílé wọn wá láti ẹ̀gbẹ́ Ughelli, ṣùgbọ́n igbó Ìkálẹ̀ ló ti dàgbà. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn Urhobo tó wá sí ilẹ̀ Yorùbá láti máa kọ ẹyìn, tí wọ́n ń fún epo, tí wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Nítorí náà ni Akpọ fi ń sọ Yorùbá bí ará Òkìtìpupa. Ìṣirò ló ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tí èmi ti ń kọ́ Yorùbá. Mo fi díẹ̀ dàgbà jù ú lọ, ẹ̀gbọ́n ló sì ń pè mí. Láràárọ̀ tó bá rí mi, á dọ̀bálẹ̀, á fọwọ́ kan ilẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n bí sílé wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ nígbà náà, gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé ipò alága ni mo ń wò.

Àdúgbò Karaworo ni Akpọ ń gbé, kò jìnnà sílé mi. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Toju, ọmọ Ìtsẹ̀kírì ni. Olùkọ́ kan tó jẹ́ Isoko gba yàrá lọ́dọ̀ wọn, ọmọ Ìjọ̀ kan sì máa ń gbé ẹja wá láti etí odò lọ́jọ́ Sunday. Ẹ bá mi wò ó: ìjà tí Ìtsẹ̀kírì, Urhobo àti Ìjọ̀ bá ara wọn jà ní Wàrrì ti sun ilé bàbá Ìyá Toju, àwọn ènìyàn ọkọ rẹ̀ náà sì sin òkú tiwọn. Síbẹ̀ tábìlì kan ni gbogbo wọn ń jókòó tì.

Wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìjà náà pamọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo yà síbẹ̀, bí Ìyá Toju ṣe ń gbé ùsì tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ rò àti ọbẹ̀ ẹyìn kalẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ó ní, "Àwa la ni Wàrrì. Ẹ jẹun, kí ẹ sì máa dúpẹ́."

Akpọ ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Nígbà tí àwọn bàbá mi ń gbin iṣu síbẹ̀, àwọn bàbá rẹ ṣì wà nínú ọkọ̀ ojú omi."

Isoko yẹn ní, "Ìyẹn dáa. Ẹ̀yin Urhobo náà lẹ sọ pé ẹ̀ka tiyín ni èdè wa. Ta ló sọ fún yín pé kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ̀ka?"

Orí ẹja ni Ìjọ̀ tó gbé ẹja wá ń jẹ ní tirẹ̀. Nígbà tí ó jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Ẹ bá mi bu ọbẹ̀ sí i," wọ́n sì bu ọbẹ̀ sí i fún un. Èmi tí mo gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ Ìtsẹ̀kírì nítorí pé ó sún mọ́ tiwa, tí mi ò gbọ́ Urhobo rárá, tó jẹ́ pé Pidgin tí wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ ọn ni mo fi ń mọ ohun tí wọ́n ń sọ, mo jókòó síbẹ̀, nǹkan kan ń gún mi láyà. Mi ò kọ́kọ́ mọ orúkọ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Toju, ọmọ wọn ọkùnrin, fi wọlé. Ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó ní, "Mìgwo." Akpọ ní, "Vrẹndo," ọmọ náà sì dìde. Mo bi Akpọ pé ṣé ọkùnrin náà máa ń kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn.

Akpọ dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, báyìí là á ṣe kí àgbà nílẹ̀ wa. Ọkùnrin ò yàtọ̀ sí obìnrin. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ kò sì ní dìde àyàfi tí àgbà bá sọ 'vrẹndo' fún un, pé kó dìde."

Mo gbọ́, mo fi sápò. Ẹ fi í sọ́kàn bẹ́ẹ̀ náà.

Nígbà tí ìkéde yẹn jáde, àwa olùkọ́ tó jẹ́ Òkun, ìyẹn àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ yìí, ṣe ìpàdé tiwa. Àwọn ará ìpínlẹ̀ tó kù máa ń pe gbogbo wa ní Kábà, ó sì máa ń dùn wá, nítorí pé Yàgbà kì í ṣe Òwé, Bùnú kì í ṣe Ìjùmú, èmi sì jẹ́ Ọ̀wọ́rọ̀, àwa tí ilẹ̀ wa wà ní tòsí Lọ́kọ́ja. Ṣùgbọ́n "Òkun o" náà ni gbogbo wa ń kí ara wa. Tí a bá sọ̀rọ̀, a gbọ́ ara wa láìsí ògbufọ̀. Kò yẹ kí ìpàdé bẹ́ẹ̀ le.

Ó le. Bàbá Ègbè, ọmọ Yàgbà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó dàgbà jù nínú wa, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kí àwọn ará Wàrrì máa lọ. Ọmọ tèmi gan-an gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ọ̀kadà ló ń gùn l'Óbajánà, eruku sìmẹ́ǹtì ló ń jẹ. Ipò tí wọ́n bá fi sílẹ̀, ẹ fún àwọn ọmọ wa."

Mo dìde. Mo ní bí wọ́n bá lé Akpọ lónìí, wọ́n á mọ̀ pé a kì í jà, àwa ló sì kàn. Mo tilẹ̀ ní pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ará Wàrrì, Bàbá Ègbè sì kọjú sí mi.

Ó ní, "Ìwọ ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, jókòó. Ẹ̀yin àti ará Lọ́kọ́ja lẹ mọ ohun tí ẹ jọ ń ṣe. Òkun la pè sí ìpàdé."

Ẹnikẹ́ni ò bá a wí. Ojú mi pọ́n, mo jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn, Òwé àti Ìjùmú bẹ̀rẹ̀ sí jà lórí ẹni tí yóò jẹ́ agbẹnusọ, ìpàdé sì tú.

Bí mo ṣe ń lọ sílé, mo gba iwájú ilé Akpọ kọjá, àwọn náà ń ṣe ìpàdé lábẹ́ igi máńgòrò. Urhobo, Ìtsẹ̀kírì, Isoko, Ìjọ̀, Ukwuani, gbogbo àwọn tí wọ́n fẹ́ lé. Pidgin ni wọ́n ń sọ, nítorí pé kò sí ẹni tó gbà láti sọ èdè ẹnì kejì. Olùkọ́ Ìtsẹ̀kírì kan, tó máa ń sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé òun ò fẹ́ràn Urhobo, ló dìde. Ó ní, "Mi ò fẹ́ràn wọn títí di àárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n Akpọ ni kó sọ̀rọ̀ fún wa." Wọ́n pàtẹ́wọ́, ó parí. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbẹ̀, mo wá mọ orúkọ ohun tó ń gún mi láyà. Owú ni. Àwọn tí wọ́n ti sun ilé ara wọn rí fi ẹnu kan yan ẹnì kan. Àwa tí kò sí ìjà láàárín wa, a ò lè yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ fún wa.

Ọjọ́ ìdìbò dé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níwájú gbọ̀ngàn: ṣé gbogbo olùkọ́ á daṣẹ́ sílẹ̀ títí wọ́n á fi yí àṣẹ náà padà, àbí a ó jẹ́ kí àlejò máa lọ? Àwọn Ígálà, àwọn Ẹ̀bìrà àti àwọn Nupe ń wo ibi tí Òkun máa yà sí, Òkun sì ń wo ẹnu Bàbá Ègbè. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn, mo ti sọ ọ́ fún ara mi lójú dígí títí tí ìyàwó mi fi ní kí n jẹ́ kí òun sinmi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ló máa gba iṣẹ́ Akpọ là, òun náà ló sì máa sọ mí di alága.

Mi ò tíì dé ibi tí wọ́n gbé gbohùngbohùn sí nígbà tí Akpọ wọlé. Kò wo apá ibi tí mo wà. Ọ̀dọ̀ Bàbá Ègbè ló lọ tààrà, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tó wọ̀.

Ó ní, "Mìgwo, Bàbá."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìdọ̀bálẹ̀ ni ọkùnrin wa fi ń kíni. Bí ọkùnrin tó ti bímọ bá fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ̀bẹ̀ ló dé nìyẹn, ẹ̀bẹ̀ tó lágbára. Bàbá Ègbè ń wo ojú àwọn tó jókòó tì í. Akpọ náà ò dìde, nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ pé kó dìde. Bó ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ ni ara ń ta gbogbo ènìyàn. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ pé, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ dá a lóhùn." Ẹnì kan ń nu ojú rẹ̀ lẹ́yìn mi.

Níkẹyìn, Bàbá Ègbè gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. A ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ. Àwa Òkun wà lẹ́yìn rẹ."

Akpọ dìde, ó ní ẹ ṣeun, ó lọ jókòó. Kò bẹ̀bẹ̀ kankan. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, yàtọ̀ sí àwọn ènìyàn rẹ̀, èmi nìkan ló mọ̀. Gbólóhùn kan péré ni mo nílò: ẹ̀yin ènìyàn mi, kíkí ló kí bàbá. Ó dé orí ahọ́n mi. Owú ń tì í láti ẹ̀yìn pé kó jáde. Mo rántí Ìyá Toju, mo rántí ùsì, mo gbé e mì. Nígbà tí wọ́n pè mí láti sọ̀rọ̀, mo ní kò sí nǹkan tí mo fẹ́ fi kún un. A dìbò, ọwọ́ sì kún òkè.

A ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Ígálà, Ẹ̀bìrà, Nupe, Òkun, gbogbo wa jọ dúró lójú oòrùn. Nígbà tí ó yá, àwọn aláṣẹ ní kí gbogbo olùkọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, àti onílé àti àlejò.

Lọ́jọ́ tí a padà, mo bá Akpọ nílé rẹ̀. Mi ò jókòó. Mo ní, "O máa ń dọ̀bálẹ̀ fún èmi. Ìkálẹ̀ lo ti dàgbà. O mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ ọkùnrin jẹ́ lójú wa. Kí ló dé tí o kúnlẹ̀ fún Bàbá Ègbè?"

Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, pé mo jẹ́ Urhobo ni wọ́n fẹ́ fi lé mi. Bí Urhobo náà ni mo ṣe kí Bàbá Ègbè."

Ìyá Toju bú sẹ́rìn-ín, ó wọ inú ilé ìdáná lọ. Mi ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, mi ò sì béèrè.

Nígbà tí a dìbò alága, ta ni ẹ rò pé ó dárúkọ Akpọ? Bàbá Ègbè ni. Yàgbà tì í lẹ́yìn, Òwé tì í lẹ́yìn, Bùnú àti Ìjùmú náà. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ tèmi gan-an tì í lẹ́yìn. Ipò tí ọmọ Òkun kan ò jẹ́ kí èkejì dé, wọ́n gbé e fún Urhobo tayọ̀tayọ̀. Ó sì ṣe é dáadáa, ìyẹn ló tún dùn mí jù. Ì bá ṣe pé ó ba iṣẹ́ náà jẹ́, ǹ bá ti sinmi.

Ẹ jẹ́ kí n wá wọn ọ̀rọ̀ náà. A jèrè, nítorí pé ẹnikẹ́ni ò di ẹrù. A pàdánù pẹ̀lú, nítorí pé ẹnu lásán ni wọ́n fi yí àṣẹ náà padà. Ẹ wo àwọn tuntun tí wọ́n ń gbà báyìí: bí o kì í bá ṣe ọmọ ìpínlẹ̀, iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni wọ́n á fún ọ. Ìjà yẹn ṣì wà lọ́rùn wa, ẹ̀yin ló kù tí ẹ máa jà á. Ọmọ Bàbá Ègbè ṣì ń gun ọ̀kadà l'Óbajánà, a ò sì dá bàbá rẹ̀ lóhùn lórí ìyẹn rí. Ní ti àwa Òkun, a ṣì ń ṣe ìpàdé, ìpàdé ṣì ń tú.

Akpọ fẹ̀yìntì, ó ń padà sílé. Mo sìn ín lọ sí gáréèjì. Ìyá Toju ti wọ ọkọ̀, ẹrù ti wà lókè. Mo ń retí kó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Orúnkún tó ti ń dùn ún láti ọjọ́ pípẹ́ ló fi kúnlẹ̀ nínú eruku níwájú mi, méjèèjì.

Ó ní, "Mìgwo, ẹ̀gbọ́n."

Àwọn èrò dúró. Obìnrin kan tó ń ta ọsàn ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tó bá ṣe yín, ẹ foríjì í." Ẹlòmíràn fi Hausa bẹ̀ mí. Akpọ tẹ orí mọ́lẹ̀, mi ò lè rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí èjìká rẹ̀ tó ń mì. Mo jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Mo rántí gbọ̀ngàn, mo rántí ipò alága, mo jẹ́ kó pẹ́ sí i díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti mọ̀ láti Karaworo, tí mi ò sọ fún un rí.

Mo ní, "Vrẹndo."

Ó dìde, ó gbọn eruku ṣòkòtò rẹ̀, ó wọ ọkọ̀. Àwọn èrò ń kí mi pé mo ṣeun, pé mo lójú àánú. Mo ní kò tọ́pẹ́. Mi ò sọ fún wọn pé kíkí ló kí mi.