Irin Tó Wà Lábẹ́ Òṣùwọ̀n

Òórùn kòkó tí oòrùn ọ̀sán ń yan lọ́wọ́, òun ni òórùn sítọ́ọ̀ tí mo ti ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Odigbo láyé ìgbà tí owó epo rọ̀bì gbòde. Ó dà bí ọtí tó fẹ́ kan, ó tún dà bí búrẹ́dì tó fẹ́ jóná. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà tí òórùn yẹn kò kàn ọ́ nímú, a jẹ́ pé èmi ni mo dí ẹnu ọ̀nà. Mo sanra, ọ̀rẹ́ mi. Mo sanra débi pé bí mo bá jókòó sẹ́yìn takisí, ojú ọ̀run ni dírẹ́bà á máa wò dípò títì. Ewúrẹ́ ń sá oòrùn wá sábẹ́ òjìji mi. Ọ̀kan tilẹ̀ bímọ síbẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí, àfi pé àwọn ẹlẹ́rìí náà ti kú tán. "Ọ̀gá Tọ́ọ̀nù" ni wọ́n ń pè mí láti Ajue títí dé Ore, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi, torí nígbà yẹn, ẹni tó bá rù ni wọ́n ń bi léèrè pé kí ló ṣe é.

Ọjọ́ kan ni adùn náà tán. Mo mú àwọn ìbejì mi lọ sí Ore, obìnrin ni àwọn méjèèjì, wọn ò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní gáréèjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń yan bọ̀ọ̀lì, èéfín ń ta mí lójú. Ibi tí mo ti ń na ọwọ́ sí bọ̀ọ̀lì kẹrin ni Kẹ́hìndé ti já ara rẹ̀ gbà, ó di ojú títì. Mo rí i. Mo rí tírélà tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Bìní. Mo fi ọwọ́ méjèèjì ti bẹ́ǹṣì pé kí n dìde, ara mi ò dá mi lóhùn. Mo wá ń ké níjókòó bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Alùhájì kan tó ń wa bọ́ọ̀sì ló fò jáde, tó gbá ọmọ náà mú lápá. Ó gbé e wá bá mi. Kò bú mi o; ì bá sàn kó bú mi. Ó kàn ń wò mí tìyanutìyanu.

"Ọ̀gá Tọ́ọ̀nù, ẹ ò lè dìde ni?"

Mo ní mo ti ń dìde bọ̀. Irọ́ ni.

Ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì, ló fà mí lọ sí ọsibítù ńlá kan ní Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo gun ìwọ̀n wọn, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sáré dé òpin, ó dúró síbẹ̀, ó ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì bo ẹnu. Dókítà tó gbà wá kò tíì dàgbà púpọ̀, ìlú òyìnbó ló ti kọ́ṣẹ́. Ó gbọ́ àyà mi pẹ́ títí. Ó ní ọkàn mi ń gbé ẹrù tí lọ́rì kò ní gbà, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n ń ṣe fún irú wa: òun á la inú mi, òun á gé ìfun mi, òun á so ó pọ̀ kí oúnjẹ lè gba ọ̀nà kúkúrú kọjá.

Mo bi í pé, "Ṣé n ó jí?"

"Ọ̀pọ̀ ló ń jí."

"Àwọn tí kì í ṣe ọ̀pọ̀ ńkọ́?"

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù, bẹ́ẹ̀ ni kò dọ̀tí. Ó ní òun fún mi ní oṣù mẹ́ta. Bí mo bá dín oúnjẹ kù tí mo fi sọ ogún kílò nù, kò ní sí pé wọ́n ń fi ọ̀bẹ kàn mí. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí n padà wá kí òun là mí. "Èyí tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ jókòó bẹ́ẹ̀ kí ẹ máa wò. Ṣùgbọ́n níbo lẹ ti máa rí ìwọ̀n tó lè gbé yín?"

Mo gbá àyà mi. "Dókítà, òṣùwọ̀n ni iṣẹ́ mi."

A padà sílé. Inú òjò la wà, sítọ́ọ̀ dákẹ́, kòkó ò tíì pọ́n. Mo gun òṣùwọ̀n kòkó, akọ̀wé mi kọ iye rẹ̀ sára ògiri pẹ̀lú ẹfun. Ìyá mi wá láti Omifunfun, ó di ikùn mi mú bí ẹni pé wọ́n ti ń gbé e lọ. "Ìfun tí mo bí mọ́ ọ ni wọ́n fẹ́ gé? Bí o bá rù, kí ni n ó wí fún ará ilé? Wọ́n á ní ayé ọmọ mi ti bàjẹ́." Ìyá Ìbejì kò wí nǹkan kan. Púpurú, òkèlè gbágùúdá tó ń rò fún mi, ló ń wí: tẹ́lẹ̀ ó tó orí màlúù, ó di orí ewúrẹ́, ó di ìkúùkù, ẹja inú ọbẹ̀ sì di ohun tí èèyàn ń fi fìtílà wá. Oṣù kan gbáko! Ebi pa mí débi pé mo ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ Ajue láti Odigbo. Mo gun òṣùwọ̀n. Kílò méjì péré ló lọ. Mo sunkún, ọ̀rẹ́ mi, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Wàyí o, gbọ́ àṣà wa. Gbogbo àwa tó ń ra kòkó nígbà náà ní irin kékeré kan, kò ju àtàǹpàkò lọ. Bí ìkórè bá ti wọlé, a ó so ó sábẹ́ ọ̀pá òṣùwọ̀n níbi tí ojú ò tó, àpò tó wúwo á sì fúyẹ́. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní olè. "Fún un lóògùn" là ń wí, bí ẹni ń sọ pé kí wọ́n gbálẹ̀. Ìkórè wọlé lọ́dún náà bó ṣe ń wọlé lọ́dọọdún, mo sì wí fún akọ̀wé mi bí mo ṣe ń wí lọ́dọọdún: "Fún un lóògùn." Ẹnu mi ló wí i, orí mi ò sí níbẹ̀.

Nígbà tí oṣù kejì pé, mo gun òṣùwọ̀n. Kílò mọ́kàndínlógún ti lọ! Mo ní kí akọ̀wé tún un wò. Ó tún un wò, ó wo ilẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá. Mo jó nínú sítọ́ọ̀ títí páànù òrùlé fi ń dún. Mo ránṣẹ́ sí ìyá mi pé ọ̀bẹ ti fò mí ru. Bí mo ṣe mọ̀ pé mo ti bọ́, mo ń yọ́ lọ sí Ore láti lọ fún ara mi ní ẹ̀bùn oúnjẹ, abọ́ méjì, abọ́ mẹ́ta. Òṣùwọ̀n kò sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù mẹ́ta pé. Ọjọ́ náà, àwọn àgbẹ̀ kún sítọ́ọ̀, mo sì ń yangàn fún wọn bí mo ṣe fi ọgbọ́n orí borí dókítà. Ìyá àgbàlagbà kan láti Ajue jókòó lórí àpò rẹ̀, ó ń jẹ obì. Ó ti ń ta kòkó fún mi kí n tó gbéyàwó.

Ó ní, "Ọmọ mi, òṣùwọ̀n wo lo fi wọn ara rẹ?"

"Èyí náà ni, Màmá."

"Èyí tó wọn kòkó mi láàárọ̀ yìí?"

"Òun náà ni."

Ó tu obì dànù. "Ó dára. A jẹ́ pé ìwọ àti kòkó mi lẹ jọ rù."

Ẹ̀rín bú, ẹ̀rín àgbẹ̀ tó ti pẹ́ nínú. Akọ̀wé mi ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti rántí irin tó wà lábẹ́ ọ̀pá. Mo ní, "Yọ ọ́." Ó ní, "Níwájú wọn, Ọ̀gá?" Mo ní kí ó yọ ọ́. Ó yọ irin náà, mo gun òṣùwọ̀n lójú gbogbo wọn. Mo fi kílò mẹ́rin ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ.

Ìyá Ìbejì ti mọ̀. Ó ní okùn ṣòkòtò mi ni òun ń wò, pé ojú ibi tí mo ń ta á kò kúrò níbi kan náà. Mo ní kí ló dé tí kò sọ. "Bàbá Ìbejì, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti rẹ́rìn-ín." Mo ní kó sọ èyí tí n ó ṣe. Ó mi orí. Ó ní bí òun bá ní kí n lọ, tí n ò bá sì bọ̀, kí ni òun máa wí fún àwọn ọmọ? Bí òun bá ní kí n jókòó, tí mo sì ṣubú lójú wọn ńkọ́? Ìyá mi ní òun ò ní fọwọ́ sí i. Mo ń wo ẹnu gbogbo ayé, kò sí èyí tó ní ọ̀rọ̀ mi nínú.

Mo ti sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn pé ìgboyà ni mo fi lọ, pé mo kọrin wọ yàrá abẹ. Má gbà á gbọ́. N ò pinnu ohunkóhun. Ọjọ́ ló pé, irọ́ sì ti tán lápò mi. Wọ́n ní kí n fọwọ́ síwèé, orúkọ tí mo kọ síbẹ̀, olùkọ́ tó kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin kò ní dá a mọ̀. Kọngílá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì sí mi, òun náà sanra, iṣẹ́ abẹ kan náà ló wá ṣe. Ó ní bí a bá ti ṣe tán, a ó jọ lọ ra ṣòkòtò ọmọdé. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣófo nígbà tí wọ́n wá gbé mi. Dókítà kan náà, ọ̀bẹ kan náà. Èmi jí, òun kò jí.

Mo rù. Inú mi kò sì dúró mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo mọ gbogbo ṣáláńgá tó wà láàrin Odigbo àti Ìbàdàn bí ẹni mọ ìbátan. Ìyá mi rí mi, ó sunkún pé ta ló gbé ọmọ òun lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kẹ́hìndé tún sáré gba ọ̀nà títì, èmi ni mo mú un. Ṣé mo ṣe ohun tó tọ́? Bi kọngílá náà léèrè. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni pé irọ́ tí mo fi ẹnu ara mi ní kí wọ́n so sábẹ́ ọ̀pá ni mo gbára lé nígbà tí ẹ̀mí mi fẹ́ bọ́, ó sì gbà mí bó ṣe ń gba àwọn àgbẹ̀ mi.

Nígbà tí ìkórè ọdún kejì wọlé, n ò ní kí akọ̀wé fún òṣùwọ̀n lóògùn mọ́. Ìyá Ajue ló kọ́kọ́ dé. Ó sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀, kò gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ó fi ọwọ́ hàn mí pé èmi ni kí n kọ́kọ́ gùn ún. Mo gùn ún. Kò wo abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n rárá, ojú mi ló ń wò, ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Ó dára. Wá wọn tèmi."