Màmá, Wọ́n Ti Fọwọ́ Sí I, Ọmọ Ń Bọ̀ Wálé

Màmá mi, ìyá ọkọ mi, kí n tó kí yín pé ó dìgbà, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni àfi Wálé ọmọ yín. Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ìjọba ti gbà pé kí èmi àti ọkọ mi gba ọmọ náà tọ́. Mo ṣèlérí pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, ìdí nìyí tí mo fi pa á mọ́ra títí di òní. Kí àwọn tó ń ka ìwé ìsìnkú yín yìí bá yín gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kejì tí ẹ lọ ni fóònù dún. Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn kún pálọ̀. Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé, mo fi etí gèlè bo ẹnu, ẹkún yín àti ẹ̀rín ọmọ sì dà pọ̀ lójú mi.

Kí n tó wọlé ọkọ ni wọ́n ti yọ ilé ọmọ mi nítorí àìsàn. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún yín, mo ti ń múra àtipadà sí Ìmẹ̀kọ. Ẹ ní, "Ìyàwó Ìmẹ̀kọ, ta ló sọ fún ọ pé inú ikùn nìkan ni ọmọ ń gbà wọlé? Ẹnu ọ̀nà wa kò fẹ̀ tó ni?" Igbéyàwó wa kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà, ọ̀rọ̀ yín yẹn ṣì ń múnú mi dùn títí dòní.

Ta ló lè gbàgbé ọjọ́ tí obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba wá sílé wa ní Ìlaròó, láti wò ó bóyá a yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fún lọ́mọ? Ìdí àgbada gaàrí ló bá yín. Ó bi yín léèrè pé, "Màmá, ọmọ mélòó lẹ ní?"

Ẹ ní, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

Ó ní òun gbọ́dọ̀ mọ iye wọn. Ẹ ní, "Ewúrẹ́ ni wọ́n ń kà, ọmọ mi."

Mo rò pé ọmọ ti bọ́ nìyẹn. Wálé ń ṣẹ́jú sí yín, ẹ gbójú kúrò lára rẹ̀. Ẹ ní kí obìnrin náà jókòó, kó jẹun, pé ìrọ̀lẹ́ ò ní pẹ́ lẹ́.

Nígbà tó lẹ́, àwọn ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bí ìṣe wọn. Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé káfíńtà dọ̀bálẹ̀, ó sì ṣí ìkòkò. Tíṣà Ràfíù dé láti Igbógìlà, ó ń ráhùn pé Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé ti kó ẹran jẹ. Rọ́ṣídá, tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ yín lọ sọ́jà Kútọnu tí kò padà mọ́, gbé ọmọ tirẹ̀ lé yín lẹ́sẹ̀: "Màmá, ẹ bá mi mú un."

Obìnrin náà ń wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Màmá, èwo lẹ bí nínú wọn?"

Ẹ ro gaàrí yín, ẹ ní, "Èmi náà ń gbìyànjú láti rántí."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Nígbà tí Wálé sìn ín dé géètì, ó ní òun ti rí ilé tí ọmọ lè wọ̀.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn dé bá yín. Àràárọ̀ lẹ máa ń bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti pè?" Ẹ bi mí ní àárọ̀ tí ẹ lọ pàápàá. Ìpè náà fi ọjọ́ kan péré pẹ́ sí yín, Màmá.

Àwọn kan á fẹ́ pè é ní Yétúndé. Kì í ṣe Yétúndé. Ó ti wà láyé kí ẹ tó lọ, ẹ ti gbé e lẹ́sẹ̀ ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, ó tọ̀ sí yín láṣọ, ẹ ní ó ti mọ ẹni tó ni òun. Orúkọ tí ẹ fi sí mi létí fún un ń bẹ lọ́wọ́ mi. N kò ní kọ ọ́ síbí, torí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé.

Ẹ sùn re o, ìyá tí kì í ka iye ọmọ. Mo máa gbé e wá kí yín níbi tí ẹ sùn sí.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ wá gbọ́ orúkọ náà nídìí àgbada Màmá. Mo mọ̀ pé a máa pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má kà wá. Sátidé tó tẹ̀ lé Sọ́ńdè ìdúpẹ́ ìsìnkú yìí ni, ní kùtùkùtù.