Píìnì Lẹ́nu Àbúrò Mi

Àbúrò mi obìnrin kì í la ẹnu látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń bínú, kò sì gbéra ga. Aránṣọ ni, píìnì ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀: mẹ́fà, nígbà mìíràn mẹ́jọ, á tò wọ́n sáàárín ètè kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń bá a lọ aṣọ, tí mo sì ń rán bọ́tìnnì mọ́ ọn. Yàrá kan náà la jọ ń lò. Máṣíìnì rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì áyọ́ọ̀nù mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Bó bá fẹ́ sísọ́ọ̀sì, á kùn ún láti imú. Ohùn ọ̀rọ̀ náà gan-an ni, òkè lókè, ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀, ètè ní pípadé. Èmi náà á kùn ún padà. Mi ò ní píìnì lẹ́nu o, ó kàn ń pa mí lẹ́rìn-ín ni. Ọdún mẹ́sàn-án la fi ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà kan, odindi àríyànjiyàn la ṣe lórí apá bùbá láìsí pé ẹnikẹ́ni la ẹnu, èmi ni mo sì jàre. Mo máa ń fi yangàn fún àwọn oníbàárà.

Nígbà tí àbúrò mi wá bí ọmọkùnrin, Ọ̀gá la sọ ọ́, nítorí bó ṣe máa ń jókòó sórí èérún aṣọ lábẹ́ tábìlì, tí yóò máa wo iṣẹ́ wa bí ẹni tó gbà wá síṣẹ́. Ọ̀gá rìn lásìkò, ó hu eyín lásìkò. Àmọ́ nígbà tó pé ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ọmọ káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí Ọ̀gá fi oṣù mẹ́ta jù lọ, ti ń bú èèyàn.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan tó wá wọn aṣọ tẹjú mọ́ Ọ̀gá, ó ní, "Ṣé kì í ṣe odi lọmọ yìí báyìí?" Díẹ̀ ló kù kí n fi áyọ́ọ̀nù kàn án lára. Nígbà tó lọ, àbúrò mi tu píìnì sọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí ọmọ mi ò bá lè pè mí láéláé ńkọ́?"

Mo ní á pè é. Ẹ̀rù sì ń ba èmi náà.

Ṣùgbọ́n èmi kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìwá ìdí ẹ̀. Mo lu ìdérí ìkòkò lẹ́yìn Ọ̀gá, ó yíjú. Mo sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, mo ní, "Bísíkíìtì," ó sì sáré yí tábìlì ká wá bá mi. Etí tó gbọ́ bísíkíìtì, kí ló kù tí kò ní gbọ́? Kí ló wá dí i lẹ́nu?

La bá gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé. Nọ́ọ̀sì gbé bọ́ọ̀lù fún un, ó fi àwòrán ajá hàn án. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń kùn. Nọ́ọ̀sì ń kọ̀wé. Nígbà tó ṣe, Ọ̀gá wo báàgì wa, ó kùn: ḿ-m-ḿ-m. Àbúrò mi yọ ìgò omi, ó fún un mu, ó sì ń dáhùn ìbéèrè nọ́ọ̀sì lọ.

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní kí ẹ fún un lómi?"

"Òun ni. Ó ní, 'Fún mi lómi.'"

"Èmi ò gbọ́ kó sọ nǹkan kan o."

Àbúrò mi wò mí. Èmi náà wò ó. Mo ní kíkùn ló fi sọ ọ́, bí àwa náà ṣe máa ń sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ wa, ó ní ká kùn ún kóun gbọ́. A kùn, bí àgbà méjì tí kò nítìjú. A ròyìn píìnì, a ròyìn ọdún mẹ́sàn-án.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó," ó ní. "Ọmọdé a máa wo ẹnu àgbà ká tó gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Ẹnu tí tiyín ń rí, pípadé ni. Ohùn nìkan ló rí kọ́, ó sì kọ́ ọ dáadáa. Ẹ ṣì máa gbé e lọ yẹ etí rẹ̀ wò, kí ọkàn wa lè balẹ̀. Kí ló máa ń pe ẹ̀yin ìyá rẹ̀?"

"Kò pè mí rí." Omijé bọ́ lójú àbúrò mi.

Ọ̀gá rí omijé náà. Ó fa apá aṣọ ìyá rẹ̀, ó kùn: m̀-ḿ-m̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe máa ń pe ìyá rẹ̀ nìyẹn, ogún ìgbà lójúmọ́: Àbúrò. Ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti ń kùn ún kiri ilé, àwa rò pé orin ni.

"Ó ti ń pè mí," àbúrò mi ní. "Ọmọ mi ti ń pè mí látọjọ́ yìí, mi ò dá a lóhùn."

Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, kò sí nǹkan tó ṣe é. Píìnì kúrò lẹ́nu, ó bọ́ sórí tìmùtìmù kékeré lọ́rùn ọwọ́. Àbúrò mi wá di aláròyé: òwú rèé, kọ́là rèé, wo bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe fẹ́ jó aṣọ aláṣọ. Ìgbàkigbà tí mo bá gbàgbé tí mo kùn, á ju àkísà lù mí.

Lọ́sẹ̀ keje, bàbá kan ń wọ ṣòkòtò wò. Ọ̀gá jáde lábẹ́ tábìlì, ó la ẹnu gbàgà.

"Àbúò!"

Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tóo kéré tó báyìí? Ta ni àbúrò rẹ níbí?"

Àbúrò mi fi bàbá náà sílẹ̀ lórí ìdúró, ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ní kíká, ó sáré kúnlẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni, ọmọ mi. Mo gbọ́."