Ẹsẹ̀ Tí Kò Dun Ìyá Mi Mọ́

Mo rántí ìgbà tí ìyá mi máa ń ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú bàsíà omi tútù nídìí ẹja tó ń tà ní ọjà Pessu. Ìlàjẹ ni wá, láti etí òkun Oǹdó. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ tó bá a dé Warri, òun náà ló sì fi tọ́ mi. Nígbà tí ọjọ́ orí bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí i, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó o bíi pé orí iyanrìn ọ̀sán gangan ló dúró sí. Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, "Mama, na leg you wan take soak garri?" Òun náà á ní kí wọ́n mú ṣúgà wá nígbà náà. Ṣúgà tó ń fi ṣàwàdà yìí náà ló ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Dókítà ti sọ fún wa pé àtọ̀gbẹ ni. Ó fún un ní oògùn, ó ní kó máa wọ bàtà nílé àti níta, kí n sì máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́. Oògùn yẹn, ìgbà tó bá rántí ló ń lò ó. Àdúrà ló gbójú lé. Ìjọ aláṣọ funfun là ń lọ, Baba Àdúrà tó jẹ́ olórí wa sì bá a gbààwẹ̀, ó ń fi omi àdúrà wẹ ẹsẹ̀ náà fún un. Díẹ̀díẹ̀, jíjó náà rọlẹ̀, títí ó fi dá pátápátá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó jáde láti jẹ́rìí, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú ìjọ, ó fi èékánná ha á, ó ní kò dun òun mọ́, àfi bíi pé ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ìjọ hó yèè. Èmi ni mo dá orin, mo sì jó títí ìborí fi já bọ́ lórí mi. Mo ka ara mi sí ọ̀mọ̀wé nígbà yẹn, torí èmi ni mo máa ń ka ara páálí oògùn fún gbogbo àdúgbò. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹsẹ̀ lè má dunni kó má sì sàn.

Àwa kì í wọ bàtà tí a bá ti wọ sùtánà. Ìyá mi ní ti òun ò ní mọ síbẹ̀. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní fi bàtà kan ẹsẹ̀ tí Olúwa ti wò sàn títí di ọjọ́ ìkórè, ìbáà jẹ́ nílé tàbí lọ́jà. Ó wá kó bàtà tí dókítà ní kó máa wọ̀ fún mi. Ó bá mi lẹ́sẹ̀ mu, mo sì ń fi yan kiri.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, à ń yan ẹja lẹ́yìn ilé wa ní Ugborikoko. Ìyá mi dúró nídìí ààrò, ó ń to ẹja, èmi ń ki igi bọ iná. Ó gbé imú sókè.

"Ẹja yẹn ń jóná. Ṣé o ò gbóòórùn ni? Yí i padà."

Mo yí gbogbo rẹ̀ padà, kò sí èyí tó jóná. Ó tún jágbe mọ́ mi pé ọ̀lẹ ni mí, pé ojú mi kì í gbé ibi tí iṣẹ́ wà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo abẹ́ ààrò, ìgbà náà ni mo rí èéfín tó ń rú jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ẹyin iná ló tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé gbogbo ara lé e, ó ń bá mi jà nítorí ẹja. Mo tì í kúrò níbẹ̀, ó sì bínú pé mo ti òun.

Nítorí pé kò dùn ún, ó ní kò tó nǹkan. Òróró àdúrà là ń fi pa á. Ìgbà tí a ó fi gbé e dé ọsibítù, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúdú, èmi gan-an ò sì lè jókòó tì í láì fi aṣọ bo imú. Dókítà mú abẹ́rẹ́, ó ní òun fẹ́ gún un, kó sọ ibi tó bá ti dùn ún. Ìyá mi ń wo ojú rẹ̀, ó ń dúró kó bẹ̀rẹ̀. Dókítà ti gún un tán.

Dókítà yíjú sí mi, bíi pé ìyá mi ò sí níbẹ̀. "Madam, the leg don die since. Na why e no dey pain am. We go cut am."

Pidgin yé ìyá mi ju èmi àti dókítà lọ. Kò sọ̀rọ̀ gígé rárá. Ó rọra bi mí lédè wa pé, "Ọjọ́ tí mo jẹ́rìí ńkọ́? Ṣé ó ti kú lọ́jọ́ náà?"

"Wetin mama talk?" ni dókítà wí.

Mo ní, "She dey greet you."

Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún. Baba Àdúrà wá kí wa, ó wo ibi tí aṣọ ìbora ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ní ó ní láti jẹ́ pé iyèméjì ló wọ inú ìyá náà. Ìyá mi ní, "Ẹ ṣé, Baba." Inú bí mi débi pé n kò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Kí ojú egbò tó jiná, jíjó náà padà dé. Kì í ṣe ẹsẹ̀ tó kù ló ń jó o. Èyí tí wọ́n ti gé dànù ni. Nọ́ọ̀sì ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀, pé yóò lọ. Kò lọ. "Bá mi fọwọ́ ra á," ni ìyá mi máa ń wí. Màá ra orúnkún, á ní kí n sọ̀ kalẹ̀ sí i, títí ọwọ́ mi á fi dé orí bẹ́ẹ̀dì lásán. Á ní, "Ibẹ̀ náà nìyẹn." Màá sì máa ra bẹ́ẹ̀dì. Ó kú kí ìkórè tó dé, ó ń tọrọ omi tútù tí yóò ki ẹsẹ̀ náà bọ̀.

Èmi náà ti dàgbà báyìí, ṣúgà sì ti rí mi. Ẹsẹ̀ ń jó mi. Ọmọbìnrin mi, tó gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kì í fi í dáhùn, máa ń wí pé, "Mummy, come make dem pray for your leg na." Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo ń lo oògùn mi, mo ń wọ bàtà mi. Tí mo bá jí láàárọ̀, n kì í tètè sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo máa ń jókòó, kí n dúró de ẹsẹ̀ mi kó jó mi. Ó ti ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ báyìí.