Ìbọ̀wọ́ Ẹyọ Kan Tí Ìyàwó Mi Rà ní Lómé

Ìró ọ̀bẹ lára òkúta ni orin òwúrọ̀ tí ó tọ́ mi dàgbà. Kí oòrùn tó yọ lórí àwọn òkè tó yí Atakpamé, ìlú wa ní Tógò, ká, àwa alápatà yóò ti jókòó sí ìsọ̀ wa, a ó máa pọ́n ọ̀bẹ, omi yóò máa kán sórí òkúta, òórùn ẹran tútù yóò sì dàpọ̀ mọ́ èéfín igi àti ìrì. Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni baba mi ti ṣí wá sí ìlú yìí pẹ̀lú ọ̀bẹ kan àti ìgboyà púpọ̀. Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò yí padà títí ó fi jáde láyé, ṣùgbọ́n èdè Ifẹ̀ ti ìhín ni ó fi ń ná màlúù lọ́wọ́ àwọn ará Akparé nítòsí wa, èdè Ewe ni ó fi ń ta ẹran, ó sì ní Faransé díẹ̀ ní ìpamọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n bá fẹ́ ra ẹ̀dọ̀. Ọ̀bẹ yẹn àti iṣẹ́ yẹn ni ogún tí ó fi sílẹ̀ fún mi, n kò sì wá òmíràn.

Ní ìsọ̀ wa nígbà náà, àpá ni ìwé ẹ̀rí. Bí ọ̀bẹ bá kọ́kọ́ gé ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́, a kì í káàánú rẹ̀. Ńṣe ni àwọn àgbà yóò pariwo pé, "Ọ̀bẹ kí ọ o! Jẹ́ ẹ!" Ẹni náà yóò sì fi omijé lójú dáhùn pé, "Mo jẹ́ ẹ o!" Láti ọjọ́ náà ni yóò ti di ọmọ ilé láàárín wa. Èmi ti jẹ́ ẹ, mo jẹ́ ẹ, títí ọwọ́ òsì mi fi dà bí pákó tí a ń gé ẹran lé. Mo sì máa ń nà án síta níbi tí èèyàn bá pọ̀ sí, bí ẹni tí ó wọ òrùka wúrà. Bí mo bá rántí ọkùnrin tí mo jẹ́ nígbà náà, ẹ̀rín rẹ̀ a máa pa mí. Kò sí ẹ̀gàn nínú kí àgbà ní àpá. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó bá ń fi àpá ṣe fáàrí, ọmọdé ṣì ń bá a gbé.

Ní ọdún kan, nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀bẹ yọ̀ lára eegun itan màlúù, ó sì wọ ìdí àtàǹpàkò ọwọ́ òsì mi. Èyí kì í ṣe kíkí mọ́, ìjà ni. Nọ́ọ̀sì tí ó rán an sọ pé díẹ̀ ló kù kí ó kan iṣan, àti pé bí ọ̀bẹ bá tún padà síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àtàǹpàkò náà má tẹ̀ mọ́ láéláé. Ìyàwó mi dúró tì mí. Ó jẹ́ kí n délé, ó jẹ́ kí n jẹun tán, ó bá mi fọ ọwọ́ kan tó ṣeé fọ̀. Nígbà náà ni ó tó sọ̀rọ̀.

"Olówó orí mi, mo ti fọ ẹ̀jẹ̀ yín kúrò lára aṣọ tó. Bí ọ̀bẹ bá tún gé yín lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó fi ìsọ̀ sílẹ̀. Àbúrò mi ń wá ẹni tí yóò máa jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ní Agbonou."

"Kí èmi máa jókòó ti sìmẹ́ǹtì?"

"Sìmẹ́ǹtì kì í gé èèyàn."

Mo gbà, nítorí pé mo rí ojú rẹ̀. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn mi gbọgbẹ́ ju ọwọ́ mi lọ. Kí ọ̀bẹ baba mi máa dípẹtà ní àjà, kí n wá di ẹni tí ń gbọn eruku kúrò ní irùngbọ̀n! Àbúrò ìyàwó mi ní tirẹ̀, ọlọ́yàyà èèyàn tí ó fẹ́ràn mi dénú, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ra àga tuntun sílẹ̀ dè mí. Kò tilẹ̀ bọ́ ọ̀rá tí wọ́n fi wé e, kí eruku má baà bà á kí n tó dé.

Kí ọgbẹ́ náà tó san tán, ìyàwó mi lọ sí Lómé lọ ra àwo tí ó ń tà. Nígbà tí ó bọ̀, ó tú ohun kan jáde láti inú gèlè. Ìbọ̀wọ́ ni, ẹyọ kan ṣoṣo, aláwọ̀ eérú, tí a fi òwú líle kan hun pinpin. Ó tún mú aṣọ apá kan tí a fi òwú kan náà hun, èyí tí ó gùn láti ọrùn ọwọ́ kọjá ìgbọ̀nwọ́. Ó ní ẹni tí ó tà á mú ọ̀bẹ, ó fi wọ́ ọ síwá sẹ́yìn lójú òun, òwú kan kò sì já. Ó ní ọwọ́ méjèèjì ló bá mu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. "Ẹ máa wọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́," ni ó wí, ó sì lọ wo ọbẹ̀ lórí iná.

Ọwọ́ wo ni kí n wọ̀ ọ́ sí? N kò tilẹ̀ bi ara mi. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń jẹun, òun la fi ń gba ẹ̀bùn, òun la fi ń kí ẹni ọ̀wọ̀. Kí ìyàwó ẹni ti Lómé gbé ẹ̀bùn bọ̀, kí a wá fi ọwọ́ òsì pàdé rẹ̀? Mo bọ ìbọ̀wọ́ náà sí ọwọ́ ọ̀tún, mo fa aṣọ apá náà bo apá ọ̀tún, ó sì bá mi mu bí ẹni pé wọ́n wọn ọwọ́ mi kí wọ́n tó hun ún.

Ìsọ̀ dàrú nígbà tí mo dé.

"Dókítà ti dé!" ni ẹnìkan kígbe. "Aboyún wo lo fẹ́ gbẹ̀bí fún?"

"Ìyàwó tuntun ni ẹ máa pè é," ni èkejì wí. "Làálì nìkan ló kù kí ó lé."

Olórí wa, bàbá arúgbó kan tí ìka rẹ̀ kan kò pé, mi orí pẹ̀lú àánú. "Baba rẹ kò wọ ìbọ̀wọ́, ẹran kò sì bù ú jẹ." Ó ń ṣe mí bíi kí n béèrè ibi tí ìka rẹ̀ yẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, mo sì fi ẹ̀rín gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ọ̀bẹ kò gé mi lọ́jọ́ náà, kò sì gé mi lọ́jọ́ kejì. Mo ń yin ìbọ̀wọ́. N kò mọ̀ pé ìbẹ̀rù sìmẹ́ǹtì ló ń ṣọ́ mi.

Iléyá pé. Bí a ti kírun tán, mo gun ọ̀kadà lọ sí ilé àwọn àna mi ní Agbonou, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn àgbò wà ní ìso, gbogbo ilé ti pé jọ, ìyàwó mi náà wà láàárín wọn. Àga tuntun náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyá ìyàwó mi sì gúnwà sórí rẹ̀, ọ̀rá ń dún lábẹ́ rẹ̀. Mo pa àgbò àkọ́kọ́, mo bó o, mo sì ń gé egungun ìhà rẹ̀ nígbà tí ọ̀rá ara rẹ̀ mú kí ẹran yọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọ̀bẹ fò. Mo yára tẹ àtàǹpàkò òsì mọ́ ẹran náà. Lọ́jọ́ Iléyá, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ pọ́n, ta ni yóò mọ ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan yàtọ̀? Àṣé ìyàwó alápatà mọ̀ ọ́n.

"Ẹ̀jẹ̀ ta nìyẹn?"

"Ti àgbò ni."

"Àgbò tí ẹ ti bó tán, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì ń kán?"

Ìyàwó mi gbé kẹ́tùlù, ó da omi sí ọwọ́ òsì mi. Ọgbẹ́ náà kéré, kò jìn, ṣùgbọ́n a kò bá ìjìnlẹ̀ dá májẹ̀mú. Àbúrò rẹ̀ sún mọ́ mi. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Àga ti wà nílẹ̀." Ìfẹ́ ni ó fi sọ ọ́, èyí ló sì jẹ́ kó dùn mí jù. Mo gbé ọ̀bẹ baba mi kalẹ̀ sórí ewé.

Ìyàwó mi kò tíì fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó wo èyí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó wo èyí tó wà nínú ìbọ̀wọ́, ó tún padà wo ti àkọ́kọ́. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni!

"Olówó orí mi! Ọ̀bẹ wo ló fẹ́ gé ọwọ́ tó dì í mú?"

Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì. Ọ̀kan di ìhámọ́ra bí ẹ̀ṣọ́; èkejì, èyí tí ń di ẹran mú lẹ́nu ọ̀bẹ láti ìgbà èwe mi, wà níhòòhò. Gbogbo àpá tí mo fi ń yangàn wà lára rẹ̀, ojú mi sì là kalẹ̀!

"Ìwọ lo rà á fún mi," ni mo dáhùn. "Ṣé kí n wá fi ọwọ́ òsì gba ẹ̀bùn rẹ ni?"

Ẹ̀rín náà dá lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́ lórí àga. "Ẹ wá gbọ́ àna mi o!"

"Àdéhùn ṣáà ni àdéhùn, ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò ìyàwó mi wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àdéhùn wo? Bí èèyàn bá ṣí agboòrùn sórí òrùlé, tí òjò pa á ní ìta, ṣé agboòrùn ni a ó dá lẹ́bi? Ọwọ́ tí mo torí rẹ̀ ra ìbọ̀wọ́ kò tíì wọ̀ ọ́. Òní ni àdéhùn wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Ó fi aṣọ mímọ́ di ọgbẹ́ náà, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fọ̀ ọ́, ó sì fúnra rẹ̀ fà á wọ̀ mí ní ọwọ́ òsì lójú gbogbo ẹbí. Ó fa aṣọ apá tẹ̀lé e. Mo tún gbé ọ̀bẹ. Láàárín àgbò kejì, ẹran tún yọ̀, ẹnu ọ̀bẹ sì bá ìka mi. Mo gbọ́ ìró rẹ̀, bí èékánná lára ẹní. Ó yọ̀ kọjá, kò sì ṣe nǹkan kan. Mo gbé ọwọ́ náà sókè, mo sì pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì yọjú: "Ọ̀bẹ kí mi o! N kò jẹ́ ẹ!"

Ìyá ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ọ̀rá àga fi ya.

Àbúrò ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló gbé àga náà wá sí ìsọ̀ mi lẹ́yìn ọdún, orí rẹ̀ sì ni mo ti ń pọ́n ọ̀bẹ títí di òní. Kò pẹ́ tí olórí wa fi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ó rọra béèrè bóyá wọ́n ń hun irú ìbọ̀wọ́ yẹn fún ẹni tí ìka rẹ̀ kò pé. Ìyàwó mi ra òmíràn fún ilé. Ó ń fi bẹ iṣu, ó ń fi ṣí agolo, títí ó fi gbé e ko ẹja àrọ̀ láti adágún Nangbéto, tí ẹ̀gún rẹ̀ gún un kọjá láàárín òwú. Ọ̀bẹ ni ìbọ̀wọ́ náà bá dá májẹ̀mú, kò bá ẹ̀gún dá a. Ọ̀rọ̀ kàn mí wàyí, mo sì ní kí ó lọ máa ta sìmẹ́ǹtì.

Lónìí, ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ ní ìsọ̀ wa, ìbọ̀wọ́ ni yóò kọ́kọ́ bọ̀ sí ọwọ́ òsì kí ó tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Àpá kò níyì mọ́ láàárín wa. Àwọn tèmi ti ń parẹ́ lọ lábẹ́ ìhunjọ ara, n kò sì bá wọn dárò. Àárọ̀ Iléyá kọ̀ọ̀kan, kí n tó jáde, ìyàwó mi yóò mú ìbọ̀wọ́ eérú náà wá sẹ́nu ọ̀nà, yóò dúró níwájú mi, èmi àgbà Yorùbá tí mo mọ òwe tí mo sì mọ̀wọ̀n ara mi yóò sì na ọwọ́ òsì sí i láìtijú. Láti ọjọ́ Agbonou, òun ni ẹnìkan ṣoṣo láyé tí mo ń nà án sí.